Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Tẹlifíṣọ̀n Àtijọ́ Inú Yàrá Ẹrù, Ẹ Má Tíì Fi Sí Iná

Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ̀yin èèyàn mi. Látìgbà tí mo ti sọ lójú ewé yìí pé bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀ nílé mi ní Òkè-Fíà, Òṣogbo, tẹlifíṣọ̀n onítúùbù ni mo máa ń jí dìde, lẹ́tà ò dẹ́kun. Mo kó àwọn tó jọra pọ̀, mo sì mú àwọn tí ìdáhùn wọn á wúlò fún ẹlòmíì.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn kan wà tí bàbá mi olóògbé rà nígbà tí mo wà ní kékeré. Dúdú òun funfun ni, ó sì ní kọ́kọ́rọ́. Yàrá ẹrù ló wà látìgbà tí a ti ra aláwọ̀. Mo fẹ́ kó ṣiṣẹ́ kí àwọn ọmọ mi rí i. Ṣé kí n kàn fi sí iná kí n wò ó bóyá ó ṣì dáa? — Olùkọ́ kan, Ẹdẹ

ÌDÁHÙN: Rárá o, tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná. Ọjọ́ orí kọ́ ló sábà ń pa irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀; iná àkọ́kọ́ tó bá wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni. Àwọn kapásítọ̀ kan wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fúngbà díẹ̀, tí wọ́n ní agolo kékeré lára. Kẹ́míkà tútù ló wà nínú agolo yẹn. Bí wọ́n bá ti pẹ́ láìrí iná, kẹ́míkà náà á gbẹ, awọ tín-ín-rín tó ń dá iná dúró nínú wọn á sì ti jẹrà. Bí iná bá wá já lù wọ́n lójijì, àárín wọn ló máa gbà kọjá tààrà. Á jó wọn, á sì jó ohun tó ń fún wọn níná. Kapásítọ̀ ò wọ́n, a ṣì ń rí i rà. Tiransifọ́mà tó bá bá a jó ni a ò ní rí.

Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi fóònù yín yà á láti igun gbogbo, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí wáyà kan máa já tí ẹ ò ní mọ ibi tó ti wá. Ẹ wò ó bóyá eku ti sùn níbẹ̀. Eku fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, ìtọ̀ rẹ̀ a sì máa jẹ bàbà tó wà lórí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n to ẹ̀yà ẹ̀rọ inú rẹ̀ sí. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà ni kí ẹ fi gbọn eruku kúrò. Ẹ má lo omi, ẹ má lo bẹntiróòlù.

Ó wá ku túùbù fúnra rẹ̀, ìyẹn gíláàsì ńlá tí ojú àwòrán wà níwájú rẹ̀. Ibí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka ojú ewé yìí dúró sí. Gbogbo ohun tó kù nínú tẹlifíṣọ̀n ló ní àrọ́pò. Káfíńtà lè ṣe pákó, a lè wé kọ́ìlì tuntun, a lè rí fáàfù (àwọn gíláàsì kéékèèké tó ń gbóná, tí wọ́n ń lò kí tiransísítọ̀ tó dé) ọgbọ̀n ọdún nínú paálí tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí. Túùbù nìkan ni kò sí ẹni tó lè ṣe é nílé, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe tuntun fún tẹlifíṣọ̀n ilé sì ti káwọ́ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sórí ohunkóhun, ẹ mọ̀ bóyá túùbù yín wà láàyè.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé èyí o, torí iná tó wà nínú túùbù kì í ṣe ohun eré. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ọrùn rẹ̀ tó tín-ín-rín ní ẹ̀yìn pátápátá. Bó bá ti sán níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wọlé, ó ti tán nìyẹn. Ẹ rọra fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde ní títọ́, ẹ má yí i, kí ẹ wá fi mítà kékeré tí àwọn atúnrédíòṣe ń lò wọn ẹsẹ̀ méjèèjì tó jẹ́ ti wáyà agbóná inú rẹ̀. Bí mítà bá fi òǹkà kékeré hàn, wáyà náà wà. Bí kò bá fi nǹkan kan hàn, ó ti já. Ẹ tún ka nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ti Yúróòpù, ẹ lè rí nǹkan bíi A50-120W. 50 yẹn ni ìwọ̀n ojú rẹ̀ láti igun dé igun ní sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn nǹkan bí ínǹṣì 20. W yẹn sì ni pé ìmọ́lẹ̀ funfun ló ń yọ. Ti aláwọ̀, X ló máa wà níbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbi kan.

Àwọn fáàfù ńkọ́? Bí orúkọ wọn bá fi P bẹ̀rẹ̀, bíi PCL86, PL504 tàbí PY88, orí okùn iná kan ṣoṣo ni wọ́n to gbogbo wọn sí, 300 mílíáḿpù kan náà ló ń gba inú wọn kọjá, ó sì sábà máa ń gba inú wáyà agbóná ti túùbù pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn á ṣókùnkùn. Àìmọye tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ti gbé jù sí ààtàn nítorí fáàfù kan péré, ó sì máa ń dùn mí. Mítà náà ni ẹ máa fi wọn wáyà agbóná wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo àmì fàdákà tó ń dán nínú gíláàsì wọn. Èyí tí tirẹ̀ bá ti di funfun báláú ti fa afẹ́fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà atúnrédíòṣe tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní in nínú paálí lábẹ́ ibùsùn, inú wọn á sì dùn pé ẹnì kan tún béèrè. Lẹ́yìn wọn, ẹ gbìyànjú ọjà Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí ọjà Àlàbá ní Èkó.

Ẹ pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ alágolo náà. Kí iye µF (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) ti tuntun bá ti àtijọ́ mu tàbí kó súnmọ́ ọn, bíi 22 dípò 25. Fólítì rẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí, torí bí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, á bú. Èmi máa ń gbẹ́ inú agolo àtijọ́, kí n ki kékeré tuntun sínú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́. Kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn bí mo bá ṣí ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n tí ohun gbogbo wà nípò tí àwọn tó ṣe é fi í sí.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi sí iná, ẹ so gílóòbù 100 wáàtì mọ́ ojú ọ̀nà iná rẹ̀, kí iná gba inú gílóòbù kó tó dé inú tẹlifíṣọ̀n. Irú gílóòbù àtijọ́ tó ń gbóná ni mo ń wí o, kì í ṣe LED. Bó bá tàn yòò tí kò rẹlẹ̀, ẹ yára pa á, nǹkan ti kan ara wọn nínú rẹ̀. Bó bá tàn tó sì rọra rẹlẹ̀, ẹ dúró. Fáàfù máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbóná.

Ohun kan ṣì kù tí mi ò lè fò. Nínú ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n onífáàfù, ẹ̀gbẹ́ kan nínú iná ilé ni wọ́n so mọ́ irin inú rẹ̀ tààrà. Bí pulọ́ọ̀gì bá wọlé ní òdìkejì, gbogbo irin yẹn ti gbé 230 fólítì nìyẹn. Tiransifọ́mà tó ń gba 230 wọlé, tó ń gbé 230 jáde, tí wáyà ìwọlé rẹ̀ ò kan ti ìjáde rárá, ni ẹ gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́. Sitabiláísà inú pálọ̀ kì í ṣe irú rẹ̀. Wáyà rẹ̀ kanra nínú, kò lè gbà yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ sà. Mo ka ohun tí ẹ sọ nígbà kan pé iná máa ń wà nínú túùbù lẹ́yìn tí a ti yọ pulọ́ọ̀gì. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìdẹ́rùbà lásán ni. Ta ló jàre? — Akẹ́kọ̀ọ́, UNIOSUN

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé òótọ́ ni, kó má sì fọwọ́ ara rẹ̀ dán an wò. Wo ẹ̀yìn túùbù: wọ́n fi èédú dúdú kan kùn ún níta, irú rẹ̀ wà nínú, gíláàsì sì wà láàárín méjèèjì. Túùbù náà fúnra rẹ̀ ti di kapásítọ̀ ńlá nìyẹn. Iná tó ń lọ síbẹ̀ lè lé ní 10,000 fólítì lára dúdú òun funfun kékeré. Lára aláwọ̀ ínǹṣì 21, ó lè tó 25,000. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Yàtọ̀ sí pé ó lè ṣe ọkàn èèyàn ní jàǹbá, bó bá gbá ọ, wàá já ọwọ́ gbà lójijì, ọwọ́ yẹn á sì fọ́ ọrùn túùbù.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa nítòsí Station kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan fọwọ́ kan ẹ̀yìn túùbù bí ọwọ́ kejì rẹ̀ ò bá sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ dòní. Bó o bá lo ọwọ́ méjèèjì, iná lè wọ ọ̀kan kó jáde ní èkejì, àyà ló sì máa gbà kọjá. Wọ bàtà onírọ́bà. Yọ pulọ́ọ̀gì. Mú sukudiráfà pẹlẹbẹ tí ìdí rẹ̀ nípọn, so wáyà mọ́ irin rẹ̀, kí ìkángun wáyà kejì kan okùn bàbà híhun tó gba ara èédú ẹ̀yìn túùbù kọjá. Okùn yẹn ni o, kì í ṣe pánẹ́ẹ̀lì, torí bó o bá dà á sí pánẹ́ẹ̀lì, wàá pa àwọn IC, ìyẹn ẹ̀yà dúdú kéékèèké ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, tó wà níbẹ̀. Wá rọra ti ẹnu sukudiráfà sábẹ́ ìdérí rọ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ túùbù títí tó máa fi kan irin inú rẹ̀. O lè gbọ́ kó dún pàù. Dúró díẹ̀, kó o tún ṣe é, torí ó máa ń kó díẹ̀ jọ padà. Kapásítọ̀ ńlá tó wà níbi tí iná ti ń wọlé náà ní tirẹ̀, tó lè tó 300 fólítì. Má fi sukudiráfà kan òun. Fi wáyà méjì tó ní gílóòbù láàárín fa iná rẹ̀ tán.

Má sì fi ọrùn gbé túùbù láéláé. Kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Bó bá fọ́, gíláàsì á fò káàkiri yàrá. Lé àwọn ọmọdé jáde, kó o wọ awò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. Aláwọ̀ ínǹṣì 14 ni tèmi. Ó kàn ń fa ìlà funfun kan tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín ojú rẹ̀ láti apá ọ̀tún dé òsì, ohùn sì ń jáde dáadáa. Ẹni tí mo gbé e fún ní túùbù rẹ̀ ti kú, kí n fi tọrẹ fún òun. — Ìyá arúgbó kan, Ìkìrun

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má fún un o. Túùbù tó kú ò lè fa ìlà tó mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kẹ́nikẹ́ni má baà tún fi tàn yín jẹ. Láti ọrùn túùbù ni ìtànṣán kan ti ń sá wá sójú rẹ̀. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbálẹ̀ àgbàlá, tó ń gbá a láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tó sì ń sún sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó máa fi kárí. Ìlà 625 ló pé àwòrán kan, àwòrán 25 ló sì ń fà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òòfà oníwáyà tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló ń darí rẹ̀. Apá kan ń gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, apá kejì ń gbé e lọ sókè sísàlẹ̀. Tiyín ṣì ń lọ sọ́tùn-ún sósì. Ti òkè sí ìsàlẹ̀ ló dúró. Túùbù, iná ńlá tó ń wọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ ló wà láàyè.

Kó tó di pé wọ́n tún un ṣe, ẹ ní kí wọ́n dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù tàbí kí wọ́n pa á. Ojú kan náà ni ìlà yẹn ń lù, ó sì máa jó o débi pé àpá rẹ̀ ò ní lọ mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo IC tó ń darí òkè sí ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n de irin pẹlẹbẹ mọ́ lẹ́yìn. Ó máa ń gbóná, ó máa ń tutù, lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn irin rírọ̀ tí wọ́n yọ́ láti fi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, á sì sán yíká. Ojú lásán lè má rí i, kí wọ́n lo awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Kí wọ́n yọ́ lẹ́ẹ̀dì tuntun sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó tán síbẹ̀. Bí kò bá tán, kapásítọ̀ kéékèèké tó yí i ká ló kàn, lẹ́yìn náà IC fúnra rẹ̀. Lára onífáàfù, PCL85 tàbí PCL805 ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Túùbù tó ń rẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n. Á pẹ́ kó tó mú àwòrán wá, àwòrán á ṣú, ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ á máa dán bíi fàdákà. Àwọn kan máa ń fi kún iná wáyà agbóná rẹ̀ kó lè mọ́lẹ̀ padà. Ó ń mọ́lẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Mi ò fọwọ́ sí i àfi bí kò bá sí ọgbọ́n míì mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Igun kan lójú tẹlifíṣọ̀n mi ti di àwọ̀ àlùkò. — Ọ̀gbẹ́ni kan, Ìlobùú

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn (sípíkà) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kúrò. Òòfà inú rẹ̀ ló fà á. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tutù, ẹ tan án, kí ẹ tún un ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án ní tútù ló máa ń nu òòfà ojú rẹ̀ kúrò fúnra rẹ̀. Bí kò bá lọ rárá, posistor rẹ̀, ìyẹn ohun kékeré tó ń darí iná tó ń nu òòfà yẹn, ni kí ẹ pààrọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, mo ní ilé ìtura kan ní Ògo-Olúwa. Mo rí tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn méjì rà. Mo fẹ́ kí káfíńtà kó gbogbo inú wọn jáde, kí a fi pẹlẹbẹ ti ìgbàlódé síbẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. — Oníṣòwò kan, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Mo mọ̀ pé owó yín ni, ilé yín sì ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi ná.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà náà, ọdún 1991 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ti Ìbàdàn ni àwa tí a wà ní Òṣogbo ń wò. Òpó èríà ga ju òrùlé lọ, ẹnì kan á máa yí i níta, àwọn ará ilé á máa pariwo láti pálọ̀ pé ó ti dáa, ó tún ti lọ. Dúdú òun funfun ni gbogbo rẹ̀. Ọdún 1974 ni aláwọ̀ kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ wa, ní Jos. Irú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ rà yẹn ni gbogbo àdúgbò ń tìtorí rẹ̀ jókòó sórí ẹní nílé ẹnì kan ṣoṣo. Onílé á fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, gbogbo wa á dákẹ́. Àwòrán tí túùbù yẹn ń fà fúnra rẹ̀ là ń wò. Bí ẹ bá kó inú rẹ̀ jáde, kọ́bọ́ọ̀dù ló kù fún yín, káfíńtà sì lè kan kọ́bọ́ọ̀dù tuntun fún yín ní iye tó kéré sí ohun tí ẹ ná.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yẹ túùbù méjèèjì wò. Bí ọ̀kan bá wà láàyè, ẹ tún ìyẹn ṣe, kó máa ṣiṣẹ́ ní gbọ̀ngàn yín. Mo fi dá yín lójú pé àwọn àlejò á dúró níwájú rẹ̀. Bí ọrùn èkejì bá ti sán, mo gbà, ẹ lo pákó rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà da inú rẹ̀ sí ààtàn. Fáàfù inú rẹ̀, tiransifọ́mà, kọ́ìlì ọrùn túùbù, bọ́tìnnì iwájú, gbogbo rẹ̀ ni ẹnì kan ń wá kiri. Ẹ kó o sínú paálí, kí ẹ kọ̀wé sí mi.

Nípa pákó náà, bí ikán bá ti wọ̀ ọ́, ẹ yọ ẹ̀rọ inú rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fín oògùn sí i. Kí káfíńtà má kun ún. Sánpépà tó kúnná gan-an, lẹ́yìn náà pọ́líìṣì, ti tó.

ÌBÉÈRÈ: Mo tún ti bàbá mi àgbà ṣe tán bí ẹ ṣe kọ́ wa, ó tàn, àmọ́ òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ló ń fi hàn. Kí ni kí n máa wò lórí rẹ̀? — Ọmọ iṣẹ́ yín, Iléṣà

ÌDÁHÙN: O káre, ọmọ mi! Òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ yẹn dára, ó fi hàn pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, kò kàn rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ni. Láti ọdún 2018 tí ètò díjítà ti dé Òṣogbo, ọ̀nà míì ni àwọn iléeṣẹ́ ń gbé àwòrán gbà, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ò sì lè gbọ́ èdè rẹ̀. Dékódà ló máa gbà á, àmọ́ dékódà ń gbé wáyà aláwọ̀ yẹ́lò, funfun àti pupa jáde, ihò èríà nìkan sì ni tìrẹ ní. Ohun tó wà láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní modulator. Yẹ́lò àti funfun á wọlé síbẹ̀, wáyà èríà kan á jáde.

Kó o tó rà á, wo ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni pé apá méjì ni ìkànnì tẹlifíṣọ̀n pín sí, VHF tó wà nísàlẹ̀ àti UHF tó wà lókè; tẹlifíṣọ̀n tó ti pẹ́ gan-an lè má ní UHF rárá, kó jẹ́ VHF nìkan. Kí modulator náà lè gbé e jáde lórí VHF. Èkejì ni ohùn. Lórí VHF níhìn-ín, 5.5 MHz ni ohùn fi jìnnà sí àwòrán. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 6.0. Bó o bá ra tiwọn, àwòrán á dúró dáadáa, ṣùgbọ́n hàà-hàà lásán lo máa gbọ́. Wọ inú ètò (settings) dékódà rẹ, kó o yí ìwọ̀n àwòrán sí 4:3, torí bó bá wà ní 16:9, gbogbo èèyàn á ga tẹ́ẹ́rẹ́.

Bí fídíò onítéèpù àtijọ́ bá wà nílé yín, tí tẹlifíṣọ̀n náà sì ní UHF, má tíì ra nǹkan kan. So dékódà mọ́ ihò ìwọlé ẹ̀yìn fídíò náà, fa wáyà èríà láti ara rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n, kó o wá a ní agbègbè ìkànnì 36. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, kódà bí ibi téèpù wọn bá ti bàjẹ́.